Sípíríǹgì ẹ̀yìn Hilux àtijọ́: tuntun, tòkunbọ̀, tàbí kí wọ́n tún un rọ?

Hilux tí Toyota ṣe láàárín 1988 sí 1997 ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà wa. Òun ló ń kó sìmẹ́ńtì lọ síbi ilé kíkọ́, òun ló ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, òun náà ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti àga lọ sí òde ìnáwó. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti jókòó, ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú ẹni tó ni ín: tuntun tó jẹ́ ti Toyota fúnra rẹ̀, tuntun ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tó lórúkọ, tuntun tí kò lórúkọ, tòkunbọ̀, àti kí wọ́n tún èyí tó wà nídìí ọkọ̀ rọ.

Ibi tí àwa dúró sí rèé: ẹrù tí ọkọ̀ náà ń gbé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló yẹ kó yan sípíríǹgì fún un. Kì í ṣe ẹrù tó wúwo jù tó gbé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún, kì í sì í ṣe iye ewé, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra di sípíríǹgì, tí òǹtajà bá kà sí yín létí.

Ṣé sípíríǹgì ló ṣẹ̀ lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì nígbà tí ọkọ̀ bá jókòó, owó á sì lọ lásán. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀ dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ máa fò lẹ́yìn tó bá ti wọ kòtò. Ọkọ̀ tó wọ kòtò kan ṣoṣo tó sì fò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Èyí tó jókòó láìgbé nǹkan kan, tàbí tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sípíríǹgì ni ká kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láìsí ẹrù, kí afẹ́fẹ́ inú táyà ẹ̀yìn méjèèjì dọ́gba. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín kẹ̀kẹ́ lọ sókè dé etí máàgáàdì, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ìyàtọ̀ bá ju 15 mm lọ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ẹ̀yìn lẹ́bi, ẹ fi jáàkì sábẹ́ àárín gbùngbùn iwájú ọkọ̀, kí ẹ gbé e títí táyà iwájú méjèèjì yóò fi kúrò nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá dọ́gba nígbà náà, iwájú ló ń fa títẹ̀ náà. Sípíríǹgì ẹ̀yìn tuntun kò ní wò ó sàn.

Ẹ tún wọn àyè tó wà láti bóòtù iwájú sípíríǹgì dé àárín ásùlù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńtà bóòtù, ìyẹn bóòtù tó gba àárín gbogbo ewé kọjá, ti gé kí ásùlù sì ti sún kúrò ní àyè rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rìn bí akàn: imú rẹ̀ ń wo ọ̀nà, ìdí rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́, táyà sì ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Sẹ́ńtà bóòtù kò wọ́n rárá. Bí ewé bá ṣì dára, òun nìkan àti yúù-bóòtù tuntun (bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tó di sípíríǹgì mọ́ ásùlù) ló kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ìdí kílípù (irin tó gbá àwọn ewé mọ́ra) àti àyíká ibi tí yúù-bóòtù ti mú un, torí ibẹ̀ ni ewé ti sábà máa ń gé. Bí ewé àgbà, ìyẹn èyí tó ní ihò etí méjèèjì, bá ti sán, ẹ má gbé ẹrù sí ọkọ̀ náà mọ́. Ewé yìí ló di ásùlù mú mọ́ ṣáásì.

Ẹrù mélòó?

Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ kò ṣòro rí: ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ibi ìkó-sìmẹ́ńtì-sí, ibùdó àwọn tó ń ra kòkó. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn nìkan sórí ìwọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kí ẹ sì tún ṣe é nígbà tó bá gbé ẹrù tó máa ń gbé. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ẹrù tí sípíríǹgì yóò gbé; ìdajì rẹ̀ ni ti ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹ lè ṣírò rẹ̀. Ẹ mú ìwọ̀n ẹrù, kí ẹ fi àyè tó wà láti ásùlù iwájú dé àárín ẹrù sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi àyè tó wà láàárín ásùlù méjèèjì pín in. Àyè ásùlù méjì Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tí Toyota ń pè ní LN106 jẹ́ 2,850 mm. Ká ní àpò sìmẹ́ńtì 16 ló gbé, 50 kílò lápò kan, ìyẹn 800 kílò, tí àárín ẹrù sì wà ní 2,600 mm sí ásùlù iwájú: nǹkan bíi 730 kílò ló máa bọ́ sí ẹ̀yìn, 365 kílò fún sípíríǹgì kan. Bí ẹrù bá lọ sẹ́yìn kọjá ásùlù ẹ̀yìn, ohun tó máa bọ́ sórí ásùlù ẹ̀yìn á ju ìwọ̀n ẹrù náà fúnra rẹ̀ lọ, iwájú á sì fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí sítíárìn fi máa ń rọ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà nígbà tí wọ́n bá to irin tàbí pákó gígùn tó yọ gọgọrọ lẹ́yìn.

Báyìí, ẹ gbà pé sípíríǹgì kan máa ń tẹ̀ wálẹ̀ ní 1 mm fún kílò 3. Ẹrù 365 kílò yẹn yóò tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bíi 122 mm. Ó ṣeé ṣe kí ásùlù ti máa gbá rọ́bà ìdènà abẹ́ ṣáásì. Èyí tó gba kílò 4.5 fún 1 mm yóò tẹ̀ ní 81 mm péré. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kejì yìí bá ṣófo, á máa fò bí ó ti ń kọjá lórí gbogbo gálọ́pù, táyà ẹ̀yìn á máa kúrò nílẹ̀, bíréèkì lójijì lórí ọ̀dà tó tutù á sì mú ìdí ọkọ̀ yí. Ọkọ̀ tó ń ṣófo ní ọjọ́ márùn-ún nínú mẹ́fà kò nílò sípíríǹgì ọkọ̀ ajé.

Ẹ má gbàgbé pé sípíríǹgì kì í fi kún ohun tí ásùlù, táyà, bíréèkì àti ṣáásì lè gbé. Ìwọ̀n tí Toyota kọ sí àwo ara ọkọ̀ ni òpin. Sípíríǹgì líle máa ń mú kí ọkọ̀ tó gbé àgbéjù dúró gbọn-in, ojú dírẹ́bà kò sì ní rí àpọ̀jù náà mọ́, títí béárìn tàbí ọrùn ásùlù yóò fi gé.

Iye ewé kò sọ bó ṣe le tó

“Ewé mẹ́fà ni tèmi, mẹ́rin ni tiwọn.” Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Nínípọn ewé ló ń sọ bó ṣe le tó, kì í sì í ṣe díẹ̀díẹ̀: líle rẹ̀ ń tẹ̀lé nínípọn tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ewé 8 mm fi nǹkan bí ìdajì le ju ewé 7 mm lọ, bí gígùn àti fífẹ̀ wọn bá dọ́gba. Ewé mẹ́rin tó nípọn ní 8 mm le ju ewé mẹ́fà tó jẹ́ 6 mm lọ. Ó fi ohun tó lé ní ìdajì jù ú. Nítorí náà, ẹ mú kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nínípọn, lọ sọ́jà. Ẹ wọn ewé kọ̀ọ̀kan níbi tí kò dípẹtà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé ti abẹ́ ọkọ̀ yín.

Gígùn náà ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, ṣùgbọ́n ní òdìkejì: bí sípíríǹgì bá ṣe gùn tó ló ṣe máa rọ̀ tó. Sípíríǹgì kúkúrú tí wọ́n fi ṣákù (irin tó so etí ẹ̀yìn sípíríǹgì mọ́ ṣáásì) fà kó lè dé àyè rẹ̀ á le ju bí ẹ ti rò lọ.

Ewé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó nípọn tó sì tẹ́jú díẹ̀, ìyẹn ewé ìrànlọ́wọ́, ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kì í kan àwọn yòókù nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ bá a. Bí òǹtajà bá sọ pé “mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀kan”, ohun tó ń sọ nìyẹn. Fún ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù lónìí tó sì ń ṣófo lọ́la, irú ìtò yìí ló dára jù, torí ó rọ̀ nígbà tó yẹ kó rọ̀, ó sì le nígbà tó yẹ.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n kí ẹ tó kúrò nílé: fífẹ̀ ewé (60 mm ló wọ́pọ̀ lórí Hilux wọ̀nyí, ẹ ṣáà wọn tiyín), àyè láti àárín ihò etí iwájú dé sẹ́ńtà bóòtù, àyè láti sẹ́ńtà bóòtù dé àárín ihò etí ẹ̀yìn, ihò etí méjèèjì, orí sẹ́ńtà bóòtù, àti nínípọn àpapọ̀ ewé níbi tí yúù-bóòtù ti dì í. Àyè méjì tó wà níwájú àti lẹ́yìn sẹ́ńtà bóòtù yẹn lè má dọ́gba. Ẹni tó bá wọn gígùn lápapọ̀ nìkan lè ra èyí tó máa ti ásùlù kúrò lábẹ́ máàgáàdì. Bí ẹ bá ń wọn gígùn, ẹ jẹ́ kí téèpù tẹ̀lé ara ewé àgbà. Ẹ má fà á tààrà láti etí dé etí.

Ìfiwéra ọ̀nà márààrún

| Irú | Owó | Ẹni tó bá mu | Ibi tó ti máa ń ṣẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Tuntun ti Toyota | Ó wọ́n jù tàbí ó sún mọ́ ọn | Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ rìn bíi ti ilé-iṣẹ́ | Ayédèrú. Nọ́ńbà tí kò bá ọkọ̀ mu |
| Tuntun tó lórúkọ | Ó wọ́n | Ẹni tó mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ | Yíyan èyí tó le jù |
| Tuntun tí kò lórúkọ | Àárín | Ẹni tó lè wọn nǹkan kó tó sanwó | Irin tí wọn kò fi iná ṣe dáadáa |
| Tòkunbọ̀ | Ó rọjú | Ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ewé ní ewé | Ìpẹtà, ewé tó ti sán, ewé àdàpọ̀ |
| Títún rọ | Ó rọjú jù | Ẹni tó rí oníṣẹ́ tó ní iná àti ọ́ìlì | Ó tún máa ń jókòó, tàbí kó gé |

*Tuntun ti Toyota.* Kò sí àríyànjiyàn púpọ̀ níbí. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì béèrè fún un, ẹ má fi “Hilux 1994” béèrè, torí onílẹ̀kùn méjì, onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọkọ̀ tí ẹ̀yìn nìkan ń tì àti èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì lè ní sípíríǹgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì pàápàá lè ní nọ́ńbà tó yàtọ̀. Ẹ má pààrọ̀ wọn fún ara wọn.

*Tuntun tó lórúkọ.* Old Man Emu àti Dobinsons láti Ọsirélíà wà nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ jù fún irú ọkọ̀ yìí. Àǹfààní wọn ni pé wọ́n ń ṣe oríṣi líle mélòó kan fún ọkọ̀ kan náà, wọ́n sì ń kọ ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó wà fún 300 kílò ìgbà gbogbo, ohun tí kì í kúrò lára ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ: orùlé irin ẹ̀yìn, táǹkì omi, àpótí irinṣẹ́, irin ààbò. Wọn kò sọ pé ó wà fún ẹni tó ń gbé 300 kílò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe olówó ti ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó ní agbára àtirà èyí tó dára ń ra èyí tó le jù, ó wá ń jìyà nínú ọkọ̀ tó ṣófo. Bí sípíríǹgì bá gbé ọkọ̀ ga sí i, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá páìpù rọ́bà bíréèkì kò ní nà tán nígbà tí ásùlù bá sọ̀ kalẹ̀ dé òpin.

*Tuntun tí kò lórúkọ.* Èyí ló kún Ládípọ̀ ní Mushin àti ọjà Àrárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn. Òmíràn nínú wọn dára. Ìṣòro ni pé ti oṣù yìí lè má rí bíi ti oṣù tó kọjá. Ẹ gbé méjèèjì dúró kí ẹ̀yìn wọn kọjú síra. Ẹ ta okùn láti ihò etí kan dé èkejì, kí ẹ wọn láti okùn dé orí ewé àgbà níbi sẹ́ńtà bóòtù. Bí títẹ̀ méjèèjì bá fi ju 5 mm yàtọ̀, ẹ dá a padà, torí ọkọ̀ yín máa tẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ fọwọ́ kan ẹnu ewé kọ̀ọ̀kan: ewé tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé tí wọn kò sì dá etí rẹ̀ á máa gbẹ́ ewé tó wà lókè rẹ̀. Ẹ béèrè kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi fáìlì fa etí ewé ìsàlẹ̀. Irin sípíríǹgì tó ti rí iná dáadáa máa ń bá fáìlì jà. Bí fáìlì bá ń gé e wọ̀ọ̀rọ̀ bí irin ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.

*Tòkunbọ̀.* Irin Jàpáánì tó ti lo ogún ọdún lè dára ju tuntun tí kò lórúkọ lọ. Ó tún lè pa yín. Ọkọ̀ tó ti Bẹ́ljíọ̀mù, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kánádà wá ti rìn lórí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù, iyọ̀ yẹn sì máa ń wọ àárín ewé. Ìpẹtà tó ti gbẹ́ ihò kéékèèké sára irin ni ibi tí sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà dúdú tuntun tó ń dán lórí sípíríǹgì tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀wà lójú wa. Ẹ béèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n tú u, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì pa ibi tí ẹ fura sí, pàápàá àyíká ihò sẹ́ńtà bóòtù àti ìdí etí ewé àgbà. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá bu ẹfun lílọ̀ sí i. Bí irin náà bá ti sán, kẹrosíìnì tó wọnú rẹ̀ yóò tún jáde wá, yóò sì fa ìlà tútù sára ẹfun náà. Ojú òkè ewé, ìyẹn inú títẹ̀ rẹ̀, ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù, nítorí òun ni ẹrù ń fà nígbà tó bá ń tẹ́ ewé náà. Ẹ wo ibi tí ẹnu ewé kékeré ti ń jẹ ewé tó wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú. Bí kòtò ibẹ̀ bá jìn ju 1 mm lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ ra méjèèjì láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe ọ̀kan láti ibí àti ọ̀kan láti ọ̀hún. Bí ó bá jẹ́ láti ara ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jàpáánì tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, ẹ wò ó bóyá títẹ̀ wọn yàtọ̀. Èyí tó ga díẹ̀ ni kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, ìyẹn òsì lọ́dọ̀ wa. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípíríǹgì Vigo, ìyẹn Hilux tí wọ́n ṣe láti 2004, lọ̀ yín pé “Hilux ni Hilux”. Ẹ mú téèpù yín jáde.

*Títún rọ.* Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ gidi ni èyí, ó sì ní ìlànà. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú ewé, kí wọ́n fi gbogbo ara ewé sínú iná títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 850 °C, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí bó ṣe yẹ, kí wọ́n rì í sínú ọ́ìlì, kí wọ́n tún wá dá a padà sínú iná tó rọ̀, nǹkan bí 450 sí 500 °C, kó má baà gé bí àwo. Oníṣẹ́ tí kò ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn gbígbóná lè lo òòfà: irin yìí kì í fa òòfà mọ́ bó bá ti kọjá nǹkan bí 770 °C, ó sì ku díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí ẹ máa bá lọ́pọ̀ ibi yàtọ̀ sí èyí. Àwọn kan ń fi òòlù lù ú ní tútù títí yóò fi tẹ̀. Ọkọ̀ á ga lọ́jọ́ yẹn; ṣùgbọ́n irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi ojú òkè ewé sílẹ̀ ní fífà kí ẹrù tó dé rárá, ẹrù á wá fi tirẹ̀ kún un, ewé á tún jókòó tàbí kó sán. Àwọn mìíràn ń fi iná gáàsì wẹ́dà jó ojú kan títí yóò fi pọ́n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi sílẹ̀ kó tutù nínú afẹ́fẹ́. Ojú ibẹ̀ ti di irin rírọ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn kan ń da omi sí i. Omi yára jù fún irin yìí, ó sì lè mú kó sán níbi tí ojú kò ti rí i. Ìbéèrè mẹ́ta tó: ṣé gbogbo ewé ló ń wọ iná, kí ni ẹ fi ń mú un tutù, ṣé ó ń padà sínú iná lẹ́yìn náà? Bí èsì ọ̀kan bá mẹ́hẹ, ẹ gbé sípíríǹgì yín kúrò níbẹ̀.

Fífi ewé kún un ní tirẹ̀ dára bí ewé náà bá fẹ̀ tó àwọn yòókù, tí kò nípọn jù wọ́n lọ, tí gígùn rẹ̀ sì bọ́ sáàárín ti èyí tó wà lókè àti ti ìsàlẹ̀. Kó tẹ̀ díẹ̀ ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè fún ara wọn mọ́ra. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ewé tipa tí wọ́n gé kéré tí wọ́n sì fi há àárín. Ewé 12 mm le ju ewé 7 mm lọ ní ìlọ́po márùn-ún; òun nìkan ló máa gbé ẹrù, àwọn tó kù á kàn máa sìn ín lọ ni, títí òun náà yóò fi gé níbi ihò sẹ́ńtà bóòtù.

Ewé tó gé kò ṣeé wẹ́dà. Iná wẹ́dà ń sọ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àsopọ̀ di gbígbẹ, ibẹ̀ gan-an ló sì tún máa gé sí.

Àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú

Ṣákù gígùn ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n fi kún gígùn rẹ̀. Kò fi agbára kankan kún sípíríǹgì, ó sì ń yí ojú dífù kúrò bó ṣe yẹ, ṣáfúùtì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bíi ti ṣákù ni irin tí wọ́n ń há sáàárín ásùlù àti sípíríǹgì: gíga nìkan ló ń fúnni. Àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sáàárín ásùlù àti ṣáásì wúlò fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń yí padà, nítorí ẹ lè fi afẹ́fẹ́ sí i kí ẹ sì tún yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ti ṣáásì ní ojú kan ṣoṣo, níbi tí sípíríǹgì ti ń pín in sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ṣáásì rẹ̀ ti dípẹtà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Iwájú Hilux kò tẹ̀lé ohun tí a kọ sókè yìí bí kò bá ṣe irú bíi LN106, tó ní ewé níwájú náà. Àwọn yòókù tí wọ́n ní ọ̀pá tó ń yí níwájú ní bóòtù tí wọ́n fi ń gbé e ga. Ọ̀tún àti òsì ọ̀pá yẹn kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn.

Èwo ni ká rà?

Ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn àti ẹrù tí kò tó 300 kílò: tòkunbọ̀ tó yege ìdánwò ẹfun, tàbí ti Toyota bí owó bá wà. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tàbí omi tó ń gbé 700 sí 800 kílò lójoojúmọ́: tuntun tó lórúkọ, tó ní ewé ìrànlọ́wọ́ nísàlẹ̀. Bí kò bá sí owó rẹ̀, ẹ ra tuntun tí kò lórúkọ tí ẹ ti wọ̀n tí ẹ sì ti fi fáìlì dán wò. Tòkunbọ̀ kọ́ ni fún irú iṣẹ́ yìí. Ọkọ̀ oko tó ń ṣófo lọ tó sì ń kún bọ̀: ẹ tún tirẹ̀ rọ pẹ̀lú ewé kan ní àfikún, bí oníṣẹ́ tó ní ọ́ìlì bá wà nítòsí. Bí kò bá sí, ẹ ra èyí tó ní ewé ìrànlọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é

Ẹ ra yúù-bóòtù mẹ́rin àti nọ́ọ̀tì mẹ́jọ tuntun. Èyí tí wọ́n ti dì rí ti nà, kì í sì í dì mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Búùṣì ihò mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: etí iwájú, etí ẹ̀yìn, àti ibi tí ṣákù ti wọ ṣáásì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tó ti rẹ̀ máa mú ọkọ̀ tẹ̀.

Kí ẹ ti fi ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹtà pa àwọn bóòtù láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ti etí iwájú ló sábà máa ń há mọ́ búùṣì. Ẹ fi igi dí táyà iwájú, ẹ gbé ṣáásì sórí ìdúró irin níwájú ibi tí sípíríǹgì ti bẹ̀rẹ̀, kí jáàkì máa gbé ásùlù. Ẹ tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì àti ọ̀pá tó so ásùlù mọ́ fáàfù bíréèkì ẹ̀yìn kí ásùlù tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí páìpù bíréèkì gbé ásùlù.

Nígbà tí ásùlù bá ń padà bọ̀, orí sẹ́ńtà bóòtù gbọ́dọ̀ wọ ihò rẹ̀ tán pátápátá. Ẹ di yúù-bóòtù ní ìkọjá, díẹ̀díẹ̀, kí eyín bóòtù tó yọ lókè nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ti bóòtù etí àti ti ṣákù, ẹ fi ọwọ́ dì wọ́n lásán títí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí táyà rẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ dì wọ́n le. Bí ẹ bá dì wọ́n le nígbà tí ásùlù ṣì ń fì, rọ́bà búùṣì á wà ní lílọ́ títí ayé rẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Ẹ má fi gíríìsì lásán pa búùṣì onírọ́bà. Ó ń jẹ ẹ́.

Fáàfù bíréèkì yẹn ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fojú fò. Ó ń fi gíga ìdí ọkọ̀ mọ ẹrù tó wà lẹ́yìn. Bí sípíríǹgì tuntun bá gbé ìdí ga ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù, àní nígbà tí 800 kílò bá wà lórí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tún ọ̀pá rẹ̀ tò sí gíga tuntun. Ẹ tún iná iwájú tò pẹ̀lú.

Lẹ́yìn 100 km, ẹ tún yúù-bóòtù dì. Lẹ́yìn 500 km, ẹ tún un dì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wọn gíga máàgáàdì lọ́jọ́ tí wọ́n dè é, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù kan. Sípíríǹgì tuntun máa ń wọlẹ̀ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ kó tó dúró. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wọlẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tó ṣì ń wọlẹ̀ lóṣù kejì, ẹ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀.